Ta Ló Wà Nínú Kómà? Àgbéyẹ̀wò Bí Àwọn Dókítà Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Bí wọ́n bá gbé aláìsàn wọ yàrá pàjáwìrì, tí wọ́n pè é tí kò dáhùn, tí wọ́n gbọ̀n ọ́n tí kò lajú, ohun tí ẹbí sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ó ti wọ kómà." Gbólóhùn yìí máa ń já èèyàn láyà. Àwọn kan á gbà pé ó ti kú tán, pé èémí nìkan ló kù. Àwọn kan á ní oorun ni, yóò jí tó bá yá. Àwọn mìíràn á ti máa wá ẹni tó fi í ṣe é. Lójú dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kómà kì í ṣe orúkọ àrùn, kì í sì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ipò kan ni ọpọlọ bọ́ sí, onírúurú nǹkan ló lè gbé e débẹ̀, ọ̀nà sì wà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ pé kómà ni.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé orí ohun tí aláìsàn lè fi hàn ni gbogbo ìtumọ̀ àti òṣùwọ̀n kómà dúró lé. Ohun tí aláìsàn kò lè fi hàn lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò tó péye ni èyí tí wọ́n ṣe létòlétò, tí wọ́n tún ṣe léraléra, tí wọn kò sì fi ìkánjú parí rẹ̀.

Jíjí àti mímọ̀

Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò lónìí gbilẹ̀ láti inú ìwé kan tí Fred Plum àti Jerome Posner, onímọ̀ àrùn ọpọlọ méjì ní New York, gbé jáde lọ́dún 1966. Ẹni tó wà nínú kómà ni ẹni tí ojú rẹ̀ pa dé, tí kò ṣeé jí, tí kò mọ ara rẹ̀ tàbí àyíká rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n pè é tó, bó ti wù kí wọ́n fi ìnira kàn án tó. Ẹni tó sùn, bí oorun rẹ̀ ti wù kó wọra tó, yóò jí bí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹni tó dákú lásán máa ń ta jí láìpẹ́. Kí wọ́n má baà fi dídákú pe kómà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó yẹ kí ipò náà ti tó wákàtí 1, ó kéré tán, kó tó jẹ́ orúkọ yìí.

Ohun méjì ni ọpọlọ ń ṣe pọ̀ kí èèyàn tó wà lójúfò. Èkínní ni jíjí: kí ojú là, kí ara jí pépé. Èkejì ni mímọ̀: kí èèyàn mọ ara rẹ̀, kó mọ ibi tó wà, kó lóye ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Jíjí wà lọ́wọ́ àwọn iṣan kan nínú ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Lọ́dún 1949, Giuseppe Moruzzi, ará Ítálì, àti Horace Magoun, ará Amẹ́ríkà, fi àyẹ̀wò lára ológbò hàn pé bí wọ́n bá fi iná mànàmáná díẹ̀ ta ibẹ̀, ọpọlọ òkè á yí kúrò ní ipò oorun sí ipò ẹni tó jí. Mímọ̀ ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ọpọlọ òkè, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ó dà bí iná inú ilé: bí gílóòbù kan bá jó, yàrá kan ló ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n bí wáyà tó gbé iná wọlé bá já, tàbí tí gbogbo gílóòbù bá jó pa pọ̀, gbogbo ilé ló wọ òkùnkùn.

Nítorí èyí ni dókítà fi máa ń bi ara rẹ̀ léèrè ní kété tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn: ṣé ìdí ọpọlọ ló bàjẹ́, àbí ọpọlọ òkè lápá méjèèjì? Rọpárọsẹ̀ tó kan apá kan ṣoṣo lókè lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kan rọ, ó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, ṣùgbọ́n kì í sábà gbé e wọ kómà, àfi tí ọpọlọ bá wú tó sì tẹ apá kejì tàbí ìdí ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bí ẹbí bá wá ní rọpárọsẹ̀ ló gbé bàbá àwọn wọ kómà, dókítà kò ní gbà á bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló dà sínú ọpọlọ. Ó sì lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá ló lọ sílẹ̀ jù.

Òṣùwọ̀n tó ti Glasgow wá

Kí ọdún 1974 tó dé, dókítà kan á kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn ń tòògbé, èkejì á ní kò mọ nǹkan kan, ẹ̀kẹta á ní kómà díẹ̀ ni. Bí nọ́ọ̀sì alẹ́ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ọ̀sán, kò sí bó ṣe lè mọ̀ dájú bóyá ara aláìsàn ń yá ni tàbí ó ń burú sí i. Graham Teasdale àti Bryan Jennett, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Glasgow ní Scotland, ló wá ojútùú sí i lọ́dún náà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù dẹ́kun kíkọ èrò rẹ̀, kó máa kọ ohun tó rí. Ohun mẹ́ta ni kí wọ́n wò: ojú, ẹnu, àti ìṣesí ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Ojú gba máàkì 4 bí aláìsàn bá ń là á fúnra rẹ̀, 3 bó bá là á nígbà tí wọ́n pè é, 2 bó bá jẹ́ ìnira ló mú un là á, 1 bí kò bá là á rárá. Ẹnu gba 5 bó bá mọ ẹni tó jẹ́, ibi tó wà àti oṣù tí a wà. 4 bó bá ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú. 3 bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń jáde. 2 bó bá ń kérora. 1 bí kò bá dún. Ìṣesí ara gba 6 bó bá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. 5 bó bá na ọwọ́ síbi tí ìnira wà láti ti í kúrò. 4 bó bá kàn fa ara sẹ́yìn. 3 bí apá bá ká kò sí àyà lọ́nà tí kò yẹ. 2 bí apá àti ẹsẹ̀ bá nà gan. 1 bí kò bá mira. Nígbà tí òṣùwọ̀n yìí kọ́kọ́ jáde, 14 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ìpele kan kún ìṣesí ara, tó fi di 15. Máàkì tó kéré jù lọ ni 3, nítorí kò sí òdo nínú rẹ̀. Máàkì 13 sí 15 fún ẹni tó forí gbọgbẹ́ ni wọ́n kà sí díẹ̀, 9 sí 12 sí àárín, 8 wálẹ̀ sí èyí tó le. Ẹni tí kò lajú, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó yéni, tí kò sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni wọ́n ń sọ pé ó wà nínú kómà.

Ìnira tí à ń wí yìí ní ìlànà. Wọ́n á tẹ èékánná, tàbí kí wọ́n fún ẹran èjìká mọ́ ọwọ́, tàbí kí wọ́n tẹ egungun òkè ojú. Kò sí ìgbájú nínú rẹ̀, kò sì sí dída omi tútù léni lórí.

Òṣùwọ̀n yìí ti gba gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Àwọn méjì lè ní àpapọ̀ kan náà kí ipò wọn má dọ́gba rárá, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n kọ máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí wọ́n ti ki rọ́bà sí lọ́nà ọ̀fun fún ẹ̀rọ amúnimí kò lè sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Òfo ni kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àlàyé, kí wọ́n má fún un ní 1.

Ibì kan tún wà tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Máàkì ẹnu àti ìṣesí ara dúró lórí pé aláìsàn gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Màmá àgbà láti Ìsẹ́yìn tó lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní London tàbí ní Houston, tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀, lè má tẹ̀ lé àṣẹ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì pa. Bí ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí pé, "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín sókè," ó lè nà án. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn náà, bí dókítà àti aláìsàn kò bá gbọ́ èdè ara wọn. Kí wọ́n tó kọ máàkì sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ èdè náà.

Àwọn mìíràn ti ṣe òṣùwọ̀n tiwọn láti dí àwọn àlàfo wọ̀nyí. Lọ́dún 2005, Eelco Wijdicks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n FOUR jáde: ojú, ìṣesí ara, ìdí ọpọlọ àti mímí, 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 16 lápapọ̀. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ ẹnu rárá, nítorí náà ó wúlò fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí. Fún àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀rọ̀ sọ, Malcolm Molyneux, Terrie Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Blantyre ní orílẹ̀-èdè Màláwì ṣe ọ̀kan lọ́dún 1989 nítorí ibà tó gun ọpọlọ. Máàkì 5 péré ni. Wọ́n ń wò ó bóyá ojú ọmọ ń tẹ̀ lé ojú ìyá rẹ̀, bóyá igbe rẹ̀ bá ohun tó ń ṣe é mu, bóyá ó ń ti ìnira kúrò lára. Ọmọ tó gba 2 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ wà nínú kómà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, fún àìsàn tó ń pa ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, òun sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò nínú ìtumọ̀ ibà tó gun ọpọlọ ọmọdé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn

Máàkì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Ẹ̀mí ni wọ́n ń dáàbò bò ná. Wọ́n á rí i pé ọ̀nà èémí kò dí, pé afẹ́fẹ́ ń wọlé, pé ẹ̀jẹ̀ ń yí ká ara. Bó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀ tàbí pé ó já láti òkè, wọ́n á di ọrùn rẹ̀ mú kó má yí, nítorí egungun ọrùn lè ti dá. Lẹ́yìn náà, kíákíá, wọ́n á gún ìka rẹ̀ láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí, ó sì wà lára èyí tó ń gba ẹ̀mí là jù lọ. Bí ṣúgà bá rẹlẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní omi ṣúgà gba inú iṣan, ẹni tí gbogbo ilé ti ń sunkún lé lórí lè jókòó bèèrè oúnjẹ. Bí wọ́n bá sì pẹ́ jù, ọpọlọ tí kò rí ṣúgà lò lè bàjẹ́ pátápátá. Bó bá jọ pé ó lo oògùn olóró tó jọ mọ mọ́fínì, naloxone lè jí i.

Bí ọwọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu wọn ń wádìí. Ta ló rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá? Ṣé òjijì ló ṣubú, àbí díẹ̀díẹ̀ ni oorun ń gbé e lọ? Ṣé ó pariwo orí fífọ́? Ṣé ibà ń ṣe é? Ṣé gìrì mú un? Ṣé ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, wárápá? Oògùn wo ló ń lò, àgbo wo ló mu? Èyí tó dé lójijì sábà ń tọ́ka sí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí. Èyí tó ń yọ́ bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sábà jẹ́ àrùn, májèlé, tàbí kíndìnrín tó ti dẹ́kun iṣẹ́. Ẹni tó bá aláìsàn wá ni ẹnu aláìsàn lásìkò yìí. Bó bá fi ohun kan pa mọ́, bóyá nítorí ìtìjú, bóyá nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá, ó lè gba ẹ̀mí aláìsàn.

Ojú ni dókítà ń pẹ́ wò jù. Yóò tan iná sí ọmọlójú méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba tí wọ́n sì ń sún kì bí iná bá kàn wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun inú ẹ̀jẹ̀ ló fa kómà náà. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ gbàǹgbà tí kò sì mira, ó lè jẹ́ pé ọpọlọ tó wú tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì ló ń tẹ iṣan ojú náà mọ́lẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló sì kù láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí méjèèjì bá sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, dókítà á ro oògùn bíi mọ́fínì, tàbí májèlé apakòkòrò, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìdí ọpọlọ. Bí ó bá dá a lójú pé ọrùn kò ṣẹ́, yóò yí orí aláìsàn sọ́tùn-ún sósì: bí ẹyinjú bá ń yí sí òdìkejì orí, ìdí ọpọlọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Yóò fi òwú tín-ín-rín kan ẹyinjú láti wò ó bóyá yóò ṣẹ́jú. Ó lè rọ omi tútù sí etí: bí ìdí ọpọlọ bá wà láàyè, ẹyinjú méjèèjì á lọ síhà etí tí omi tútù wọ̀.

Àyẹ̀wò omi tútù yìí kan náà ló ń tú àṣírí ẹni tó ń díbọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ńlẹ̀ máa ń gbọ̀n padà síhà kejì bí omi tútù bá wọ etí rẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń le mọ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí i. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè lórí ojú rẹ̀ tí wọ́n jù ú sílẹ̀, ọwọ́ náà á yà fún ojú. Ìyẹn kò ní kí wọ́n bú u. Ìdààmú ọkàn tó lágbára lè fa irú rẹ̀, ìtọ́jú lòun náà ń fẹ́.

Kí ló gbé e débẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni okùnfà kómà pín sí. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tó ba ara ọpọlọ jẹ́: ọgbẹ́ orí, ẹ̀jẹ̀ tó dà, rọpárọsẹ̀ ńlá, kókó, eéwo inú ọpọlọ. Ti èkejì ni èyí tó da ohun tí ọpọlọ ń jẹ tàbí ń mí rú: ṣúgà tó rẹlẹ̀ tàbí tó ga jù, àìtó afẹ́fẹ́, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín tó kọṣẹ́, májèlé, ọtí, ibà, àrùn tó mú awọ ọpọlọ wú tí ọrùn fi ń gan. Ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú orí, ń fi ti àkọ́kọ́ hàn kíákíá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn ń tú èkejì. Ẹ̀rọ EEG, tó ń ka iná mànàmáná ọpọlọ, ń rí ohun kan tí ojú kò lè rí: wárápá tó ń lọ nínú ọpọlọ láìjẹ́ kí ara gbọ̀n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dùbúlẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kómà, oògùn wárápá ni yóò sì jí i.

Nílẹ̀ wa, àwọn okùnfà kan wà tí ó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú, gáàsì tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀; ó lè gbé ìdílé tó sùn wọ kómà lóru kan. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lè ní gìrì kó sì bọ́ sínú kómà; magnesium sulphate ni oògùn tó ń dá gìrì náà dúró. Orí ọ̀kadà láìdé akoto ń kó ọ̀dọ́ wọ ilé ìwòsàn lójoojúmọ́. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn kan ń fún ọmọ tí gìrì mú ti jẹ́ ohun tí àwọn dókítà Ìbàdàn ń kọ̀wé lé lórí tipẹ́: ó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó ń dẹ èémí rẹ̀, ó sì ń fi kómà kún gìrì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wò.

Ibà tó gun ọpọlọ fi hàn bó ṣe rọrùn tó láti ṣìnà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kómà pẹ̀lú kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọn kò rí okùnfà mìíràn. Ṣùgbọ́n níbi tí ibà ti wọ́pọ̀, kòkòrò lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí nǹkan mìíràn ń pa. Lọ́dún 2004, Terrie Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò òkú ọmọ 31 jáde ní Màláwì, gbogbo wọn ló bá ìtumọ̀ ibà ọpọlọ mu nígbà ayé wọn. Nínú wọn, 7 ló kú nítorí ohun mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tó fi ìyàtọ̀ hàn nígbà tí wọ́n wà láàyè ni àmì tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, èyí tí dókítà lè fi ẹ̀rọ kékeré wò bó bá kọ́ ọ. Rírí kòkòrò ibà kò yẹ kó fòpin sí ìwádìí.

Àwọn ipò tó jọ kómà

Kómà kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Lẹ́yìn ìyẹn, aláìsàn á jí, tàbí á kú, tàbí á bọ́ sí ipò mìíràn. Ibẹ̀ ni ẹbí àti àwọn dókítà kan ti máa ń ṣi ipò kan fún èkejì.

Lọ́dún 1972, Bryan Jennett àti Fred Plum ṣàlàyé ipò kan tí ojú aláìsàn là, tó ń sùn tó sì ń jí, tó ń mí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí àmì kankan pé ó mọ nǹkan. Jíjí wà, mímọ̀ kò hàn. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní kí wọ́n máa pe ipò yìí ní jíjí láìdáhùn, kí wọ́n má fi orúkọ àtẹ̀yìnwá rẹ̀, tó jọ ti ewéko, pe èèyàn mọ́. Lọ́dún 2002, Joseph Giacino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ipò mìíràn sọ́tọ̀, níbi tí mímọ̀ ti wà díẹ̀ tí kò sì dúró lójú kan: lónìí aláìsàn fi ojú tẹ̀ lé nǹkan tàbí ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀, lọ́la kò ṣe é.

Òmíràn wà tó burú jọjọ láti ṣì mú. Bí iwájú ìdí ọpọlọ bá bàjẹ́, èèyàn lè mọ gbogbo nǹkan, kó gbọ́ gbogbo nǹkan, kó má lè mira àfi ojú. Jean-Dominique Bauby, olóòtú ìwé ìròyìn Elle ní Faransé, bọ́ sí ipò yìí lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ lọ́dún 1995. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ló fi ń yan lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi bẹ́ẹ̀ kọ odindi ìwé tó jáde lọ́dún 1997. Nítorí irú rẹ̀ ni dókítà ṣe gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tí kò mira pé, "Ẹ wo òkè, ẹ wo ilẹ̀," kó tó pè é ní kómà.

Ikú ọpọlọ tún yàtọ̀. Pierre Mollaret àti Maurice Goulon ní Paris ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1959; ìgbìmọ̀ kan ní Harvard to ìlànà rẹ̀ lọ́dún 1968. Ẹ̀rọ amúnimí ló jẹ́ kí ó ṣeé rí: ọkàn ń lù, ṣùgbọ́n ọpọlọ àti ìdí rẹ̀ ti kú pátápátá, kò sì lè padà. Kí wọ́n tó sọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ okùnfà, kí ara má tutù jù, kí oògùn amúnisùn má sí lára, kí ìdáhùn kankan má sì sí láti ìdí ọpọlọ. Níkẹyìn, wọ́n á yọ ẹ̀rọ amúnimí díẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, wọ́n á wò ó bóyá yóò mí nígbà tí carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ bá ti gòkè dé 60 mmHg. Bí kò bá mí, ó ti kú. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá wa lójú pé ikú ni.

Ohun tí ojú kò tó

Lọ́dún 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 23 kan sínú ẹ̀rọ MRI. Jàǹbá ọkọ̀ ló ṣe é, gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sì sọ pé kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní kó fojú inú wo ara rẹ̀ bí ẹni ń gbá tẹ́nìsì, lẹ́yìn náà bí ẹni ń rìn kiri inú ilé rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́, ó lóye, ó sì ṣe é.

Lọ́dún 2009, Caroline Schnakers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún aláìsàn 44 tí wọ́n ti ní wọn kò mọ nǹkan yẹ̀ wò pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó fẹ̀ jù. Wọ́n rí mímọ̀ lára 18. Lọ́dún 2024, ìwádìí ńlá kan láti orílẹ̀-èdè mélòó kan wo ẹni 241 tí kò tẹ̀ lé àṣẹ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rọ MRI àti EEG fi hàn pé 60 nínú wọn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, ń tẹ̀ lé àṣẹ nínú ọpọlọ wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Schnakers lò kì í ṣe ẹ̀rọ. Àkókò, ìlànà àti dígí lásán ló lò, nítorí ojú ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń tẹ̀ lé àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí kó tó tẹ̀ lé ohun mìíràn. Àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe ní ọjọ́ mélòó kan, ní wákàtí tó yàtọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti dín oògùn amúnisùn kù, kò ju agbára ilé ìwòsàn ìjọba lọ.

Ṣé yóò jí?

Ìbéèrè yìí ni ẹbí máa ń bi dókítà jù, òun náà ló sì yẹ kí dókítà dáhùn pẹ̀lú sùúrù jù lọ. Okùnfà ló ń pinnu púpọ̀. Kómà ṣúgà tó rẹlẹ̀ tàbí ti oògùn lè lọ láìfi àpá kankan sílẹ̀ bí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé ọkàn tó dá iṣẹ́ dúró le jù. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù tẹ̀ jáde lọ́dún 2021 ní kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí wákàtí 72 ó kéré tán fi pé, kí wọ́n má sì gbára lé àmì kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ọdún 2018 dábàá pé kí wọ́n má lo ọ̀rọ̀ "títí ayé" mọ́ fún àwọn tó jí láìdáhùn, nítorí àwọn kan ń padà mọ nǹkan lẹ́yìn àkókò tí wọ́n ti ń pè é ní àìlépadà.

Ìdájọ́ àgbéyẹ̀wò yìí nìyí. Láti ìgbà Plum àti Posner, ìtumọ̀ kómà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tó yí padà ni bí ó ṣe dá wa lójú tó. Ọ̀nà tó péye jù kò sì wọ́n: ìtọ́jú èémí, àyẹ̀wò ṣúgà, ìwádìí lẹ́nu ẹbí, iná fún ọmọlójú, òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti àtúnyẹ̀wò. Nígbà tí Latunde Odeku dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962, ẹ̀rọ CT kò tíì sí láyé. Ọwọ́, ojú àti etí ni irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀nyí ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kò sì yẹ kí yàrá pàjáwìrì kankan, bó ti wù kó kéré tó, wà láìní ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹnìkan nílé yín bá dùbúlẹ̀ tí kò ṣeé jí, ẹ má ro nǹkan kan sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ àgbo, epo tàbí omi. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà. Bí kò bá jẹ́ jàǹbá, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ọ̀nà èémí lè ṣí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ẹni náà bọ́ síta. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ bèèrè ohun tó fà á, ẹ bèèrè máàkì òní àti ti àná. Bí ẹ bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́, ẹ má sì sọ ohun tí ẹ kò ní fẹ́ kó gbọ́.